Ìbọn Mẹ́wàá fún Ẹ̀jẹ̀ Awad

Ọjọ́ kẹjọ tí Awad kú ni ìjọba kó ìbọn mẹ́wàá wá sí abúlé, tí wọ́n tò wọ́n sórí ẹní níwájú Mabkhut, bàbá olóògbé. Bí àwọn ará agbègbè Shabwa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá pààyàn, tó wá kó ìbọn rẹ̀ lélẹ̀ fún ọlọ́fọ̀, ti gbà pé òun jẹ̀bi. Bí ọlọ́fọ̀ bá gbé e, ẹ̀san parí, ó di ẹjọ́ àgbà.

Àmọ́ ìjọba tó gbé ìbọn kalẹ̀ yìí kò fẹ́ sọ ohun tó ṣe. Lutf, ọ̀gágun tó ṣíwájú wọn, ní ìṣẹ̀lẹ̀ aburú kan ló ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Sheikh Ba-Surra, àgbà tó ń dájọ́ abúlé, bi í pé ta ló rọ̀jò iná lé ọkọ̀ ọmọ náà. Ó ní òun kò lè sọ. Àgbà tún bi í bóyá ọkọ̀ òfurufú tí kò ní awakọ̀, tó ti ń kùn lórí wọn láti oṣù mẹ́ta, ló ṣe é. Ó ní òun kò gbọ́ kí ohunkóhun kùn. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, gbogbo ìjókòó ń gbọ́ kíkùn rẹ̀ lókè. Irọ́ tí kò nítìjú.

Mabkhut kò gbójú sókè. Ohun tó wà níkùn rẹ̀ pọ̀ ju ìbọn mẹ́wàá lọ. Abu Hareth, olórí àwọn apààyàn tó ń de bọ́ǹbù mọ́ àwọn ọ̀dọ́ lára, ló fọ́ ọjà tí àbúrò Mabkhut kú sí. Àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n fi kó òkú àbúrò náà wálé. Nítorí náà, nígbà tí Lutf wá bá a nídìí ilé oyin rẹ̀ ṣáájú ikú Awad, tó béèrè ìgbà tí Abu Hareth ń gba àfonífojì kọjá, kò pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní lọ́jọ́ Àlàmísì ni, lẹ́yìn ìrun alásárì, òun àti ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ méjì, nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Lutf búra pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ láéláé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́.

Lọ́jọ́ Àlàmísì náà, ọkọ̀ Abu Hareth bàjẹ́ nísàlẹ̀ òkè. Awad tó ń gbé oyin lọ sí ìlú ló bá wọn níbẹ̀. Ní àfonífojì yẹn, èèyàn kì í fi ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sílẹ̀ sínú oòrùn kó kọjá lọ, ì báà jẹ́ ọ̀tá. Wàá gbé e, wàá já a sílẹ̀, ìṣọ̀tá yín á wá máa bá tirẹ̀ lọ. Mabkhut fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù; Awad dà á, iná ló tẹ̀. Ojú ọkọ̀ òfurufú tó rí Abu Hareth nígbà tó ń gorí ọkọ̀ kò lè ṣàì rí ẹni tó ń wà á, síbẹ̀ ó rọ̀jò iná lé gbogbo wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ti dá ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní Hadi, àjèjì tó ń ta fóònù, ló ṣe alamí fún ìjọba. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti so ó mọ́gi lẹ́yìn ọgbà ewúrẹ́, wọ́n kàn ń dúró kí Mabkhut gba ìbọn tán kí wọ́n tó pa á ni.

Lutf bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí Mabkhut létí.

"Bàbá, ẹ gbé ìbọn yìí ká lè máa lọ. Orúkọ yín ò sí nínú ìwé kankan."

"Hadi ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́ni di ẹ̀bi rù. Ó sàn fún yín."

Mabkhut rọra dìde. Ó tú ọ̀bẹ ìgbànú tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó sì gbé e lé orí àwọn ìbọn náà. Sheikh Ba-Surra rò pé ìbànújẹ́ ló dà á lọ́pọlọ rú.

"Mabkhut, ìwọ ni wọ́n wá bẹ̀, ìwọ kọ́ lo ń bẹ̀bẹ̀."

"Èmi ni mo sọ ọjọ́ àti ọ̀nà fún wọn. Ẹ lọ tú Hadi sílẹ̀."

Lutf ti ń wá bàtà rẹ̀. Ó ní ìjọba kò mọ nǹkan kan nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan lọ sẹ́yìn ọgbà, wọn kò wo ojú Mabkhut bí wọ́n ṣe ń kọjá. Sheikh Ba-Surra wo ọ̀bẹ náà títí. Ogójì ọdún tó ti ń dájọ́, kò tíì rí i kí ọ̀daràn àti ọlọ́fọ̀ jẹ́ ẹnì kan náà rí. Ó béèrè pé ta ni yóò wá gba ọ̀bẹ yìí báyìí.

Salma, ìyá Awad, jáde látẹ̀yìn aṣọ ìkélé níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí.

"Bàbá Awad, ṣé wọ́n ní àwọn máa mú Abu Hareth ni, àbí wọ́n ní àwọn máa pa á?"

"Wọ́n ní àwọn máa pa á."

"Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ Zahra wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ọ."

Zahra ni aládùúgbò wọn, opó. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọmọ rẹ̀. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé wọ́n tàn án lọ, gbogbo wọn ló sì gbàgbé lọ́jọ́ ìsìnkú Awad pé òun náà kú nínú ọkọ̀ yẹn.

"Mo mọ̀," Mabkhut wí.

Salma gbé ọ̀bẹ náà. Ó padà sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó sì gbé e síbi ẹsẹ̀ Zahra, ẹni tí ìjọba kò kó ìbọn kankan wá fún.