Ìjàpá Harriet Kò Jẹun

Ó ti pẹ́ tí mo ti fi Kàdúná sílẹ̀, àmọ́ mo ṣì ń rántí ìjàpá tí Bàbá wa rà fún àbúrò mi, Harriet, lọ́wọ́ àwọn apẹja odò, nígbà tí à ń gbé ní àdúgbò Kudenda níbẹ̀.

A tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìjàpá nílé ní Kabba: a fi í sínú páálí gbígbẹ, a já ewé ìbẹ́pẹ fún un. Kò jẹ ẹ́. Ọyẹ́ mú, ojú rẹ̀ wú, Harriet náà ò sì jẹun mọ́.

"Tó bá kú, ká fi sebẹ̀," ni Fọlábí, ẹ̀gbọ́n wa, wí.

"Ìwọ la máa kọ́kọ́ sè," ni Màmá dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn náà.

Màmá gbé ìjàpá náà sókè, ó sì na ẹsẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so ọmọ ìka rẹ̀ pọ̀, bíi ti pẹ́pẹ́yẹ.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ti inú omi mà lèyí."

Wọ́n bomi sínú abọ́ ìfọṣọ ńlá, wọ́n gbé òkúta sí i kó lè máa gùn ún yáàrùn, wọ́n ní kí gbogbo wa fi ọṣẹ fọwọ́. Harriet ju ẹja tútù díẹ̀ sí i. Ìjàpá náà rì sísàlẹ̀, kò mira. Fọlábí rọra ń sọ pé, "Jọ̀ọ́, jẹ ẹ́."

Ìjàpá náà na ọrùn, ó gbé ẹja náà mì lábẹ́ omi.

Harriet bú sẹ́kún, ó ní òun fẹ́ jẹ túwó.