Ọwọ́ Òsì Akíkanjú

Ẹ má bínú tí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jà. Ìjà ni mo ń yà jẹun. Eré kátúùnù kan ni, tí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí mi ò tíì lọ́kọ títí di ìsinsìnyí tí ọmọ mi ń wò ó. Akíkanjú lorúkọ akọni inú rẹ̀. Wọ́n á gún Akíkanjú nídà, wọ́n á jù ú sínú iná, egungun ìhà rẹ̀ á kán. Tó bá di Sátidé tó tẹ̀ lé e, ara rẹ̀ á tún máa dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ohun tó ń fà á kò le. Níbi iṣẹ́ wa, ara Akíkanjú la máa ń kọ́kọ́ yà, láìní àpá kankan. Orí bébà tínrín mìíràn la máa ń ya ọgbẹ́ sí, ká tó fi lé e lórí. Bí ẹni tó ń to bébà bá ti gbàgbé èyí tó lọ́gbẹ́, ó parí, ara Akíkanjú ti dá. A máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé kò sí dókítà tó mọṣẹ́ tó ìgbàgbé. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí, Aláròyé là ń pè é nítorí ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi, fa ìkòkò òróró gbígbóná lé ara rẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Awọ ibẹ̀ ti jinná, ṣùgbọ́n ó ń sún kì. Nọ́ọ̀sì ò fi bò fún mi. Ó ní bí a ò bá na àwọn ìka yẹn lójoojúmọ́, wọn á ká kò síbẹ̀, ọwọ́ náà ò sì ní là mọ́ láyé.

"Ẹ má ṣàánú rẹ̀ o, Màmá," ló wí. "Àánú yẹn ni yóò bà á jẹ́."

Ṣé ọmọ gbà? Bó bá ti rí mi tí mò ń bọ̀ báyìí, á ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ.

"Ẹ fi mí sílẹ̀! Ọwọ́ Akíkanjú náà jóná lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ta ló na tiẹ̀? Fúnra rẹ̀ ni ọgbẹ́ máa lọ. Ẹ jẹ́ ká dúró de Sátidé."

"Eré nìyẹn, Aláròyé."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ yà á."

Èmi ni mo yà á lóòótọ́. Ìka rẹ̀ tó kéré jù ti ń tẹ̀ wọnú àtẹ́lẹwọ́, mo ń wò ó, ọkàn mi ń gbóná.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá wa. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ọgbẹ́ ọwọ́ Akíkanjú wà ní Sátidé yìí. Ẹ jẹ́ kó dùn ún. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ẹ dìde, Ìyá Aláròyé. Ta ló fẹ́ jókòó wo egbò? Bèbí Akíkanjú tí à ń tà fọ́mọdé, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́ tónítóní ni?"

"Ọmọ mi ni, sà. Ọwọ́ rẹ̀…"

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Á gbádùn. Ẹ lọ yà á."

Ó kí mi ní pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ẹni tọ́rọ̀ kàn ló mọ̀! Inú bí mi débi pé mi ò rí ọ̀nà padà sídìí tábìlì mi dáadáa.

Ibi tí Akíkanjú ti ń mú idà nílẹ̀ ni wọ́n fún mi yà. Mo wá rò ó pé, bó bá jẹ́ bébà ọgbẹ́ ni wọ́n ń yọ dànù, kí ni wọ́n fẹ́ yọ bí ọgbẹ́ bá wà lára gan-an? Mo ya ọwọ́ jíjóná náà mọ́ Akíkanjú lára. Mo jẹ́ kó dìkúùkù tí kò ṣe é là, kó wá máa fi ọwọ́ kejì ṣí ìka kọ̀ọ̀kan, kó máa ké. Mi ò wo àpẹẹrẹ kankan. Mo mọ ọwọ́ yẹn lórí, ibi tí awọ ti sún kì àti ìka kékeré tó tẹ̀ wọnú. Omijé já sórí bébà, mo nù ún, mo tún ń yà lọ. Ìgbà tí wọ́n ń kánjú kó iṣẹ́ jáde ni mo kó o fún wọn, kò sẹ́ni tó ráyè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó di Sátidé, a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Bí Akíkanjú ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fẹ́ mú idà, ọmọ mi pariwo.

"Màmá! Òsì kọ́! Ọ̀tún ló jóná lọ́sẹ̀ yẹn!"

Yéè, mo gbé! Òótọ́ ni. Ọ̀tún ni èmi fúnra mi yà lọ́sẹ̀ yẹn. Ọwọ́ ọmọ mi ni mo ń yà ní gbogbo ìgbà yẹn tí mi ò mọ̀. Èmi tí mo fẹ́ kó gbà pé ọgbẹ́ kì í dédé lọ, èmi náà ni mo tún ní kó fò láti ọwọ́ kan sí èkejì! Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀gá ni. Iṣẹ́ lọ, ọwọ́ ọmọ náà lọ, àbí kí ló kù?

Ṣùgbọ́n Aláròyé ti dìde. Ó lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó yọ ọwọ́ lábẹ́ aṣọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Akíkanjú.

"Ọwọ́ mi nìyí," ó wí. "Màmá, ọwọ́ mi lẹ fún un."

Akíkanjú ń ké, ó ń ṣí ìka.

"Ṣé ó ń dùn ún?"

"Ó ń dùn ún gan-an, ọmọ mi."

"Síbẹ̀ kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀."

"Kò fi í sílẹ̀."

Ibi tí ẹlòmíì yà ló kàn. Akíkanjú ń sáré lọ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ tónítóní. Ọmọ mi pòṣé.

"Irọ́ lèyí."

Ó wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, ó na ọwọ́ sí mi, ó fi ojú pamọ́ sí mi níkùn. "Ẹ fà á. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ má dá mi lóhùn o."

Mo fà á. Ó ké, ó gé mi jẹ, ó ní kí n fi òun sílẹ̀, ó pè mí níkà. Fóònù ń dún. Mi ò dá ẹnì kankan lóhùn.