Ẹ̀rọ Tí Alàgbà Gbà Dógò

Nígbà tí ọkọ ìyá alọ̀gbàdo kú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, aránṣọ tó tún jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló yá a lówó ìsìnkú. Ó gba ẹ̀rọ ìlọ̀gbàdo obìnrin náà dógò. Títí ó fi san owó náà tán, aṣọ aláṣọ ló ń fọ̀ jẹun.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, iná jó ṣọ́ọ̀bù alàgbà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo ló rí yọ. Ó wá bá ìyá alọ̀gbàdo.

"Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, yá mi lówó kí n fi tún ṣọ́ọ̀bù ṣe."

"Màá yá yín, Bọ̀dá. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ yín wá dógò."

"Háà! Èyí tí mo fi ń jẹun? Òfin Ọlọ́run ò gbà kí wọ́n gba irinṣẹ́ èèyàn dógò!"

Obìnrin náà pa ẹ̀rọ tó ń lọ̀ lọ́wọ́. "Ẹ mọ òfin yẹn tẹ́lẹ̀?"

Alàgbà gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mo rò pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Láti ìgbà yẹn, èmi ni mò ń bá yín wá àwáwí."

Ó yá a lówó náà láìgba èlé, torí òfin Ọlọ́run náà ò gbà kí wọ́n gba èlé. Ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀rọ ìránṣọ náà dógò, ó sì gbé e síta níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí gbogbo ọmọ ìjọ ti máa rí i. Ìyàwó alàgbà wá bẹ̀ ẹ́ títí pé kó dá ẹ̀rọ náà padà, kò gbà. Orin ló ń kọ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.