Bí Sìkírátù Ṣe Kúnlẹ̀ fún Kọ̀ǹpútà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà Olútóyìn oníṣọ́ọ̀bù ní òun ti kọ ohùn náà sínú fíláàṣì tán, Sìkírátù gbà á gbọ́. Ó fa fíláàṣì rẹ̀ yọ, ó di ilé ìkómọ ní àdúgbò Command. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í bọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, tí gbohùngbohùn náà sì dákẹ́. Orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, ohùn ò sí.

Ohùn ìyá rẹ̀ sì ni. Ìyá ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ohùn rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi tó ti ń ki ìdílé wọn l'Ógbómọ̀ṣọ́ kò sí níbòmíràn mọ́, àfi nínú kọ̀ǹpútà ògbólógbòó yìí l'Akowonjo. Òní ni wọn yóò sọ Qonitah, ọmọ ọmọ Sìkírátù, lórúkọ. Ta ni yóò ki ọmọ? Aago mẹ́wàá ni lèmọ́mù dá. Mẹ́sàn-án ti kọjá nígbà tó sáré padà dé ṣọ́ọ̀bù.

"Olútóyìn! Kọ̀ǹpútà rẹ purọ́ fún mi!"

"Ẹ má bínú, màmá. Ìwà rẹ̀ nìyẹn. Á kó ẹrù sẹ́nu ọ̀nà, á ní òun ti gbé e wọlé, kó ṣá lè dà bíi pé ó yára."

"Ta ló ń lé e? Ohun téèyàn lè fà yọ nígbàkigbà, ṣe ni kó kọ ọ́ tán kó tó lanu. A kì í fi òkèlè sẹ́nu ká ní a ti yó."

Olútóyìn tún un kọ. Kọ̀ǹpútà tún ní ó ti tán. Lọ́tẹ̀ yìí Olútóyìn bẹ̀ ẹ́ kó yọ̀ǹda fíláàṣì ná. Ó kọ̀ jálẹ̀: ẹnìkan ṣì ń lò ó.

"Ta ló ń lò ó?" Sìkírátù wo ṣọ́ọ̀bù yíká.

Tíṣà Festus, ará Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dúró de fọ́tòkópì, na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Kì í ṣe èmi o!"

Ọ̀rọ̀ wá yé Sìkírátù. "Inú ló ń bí i. Mo fà á lọ láàárọ̀ láìdágbére. Ta ní í fa ìyàwó jáde nílé baba rẹ̀ láìkúnlẹ̀?"

"Màmá, ẹ̀rọ ni o."

Tíṣà ti dìde, ó tún fìlà dé. "Èmi ni alága ìjókòó. Ẹ̀yin àna wa, ẹ kúnlẹ̀ dáadáa, baba ìyàwó ò tíì rí yín."

Sìkírátù kúnlẹ̀. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló jogún:

"Ajẹná-má-jóná,
Olójú kan tí í ka ẹgbẹ̀rún ìwé,
Arántí tí kò ní agbárí,
O gbọ́ tẹni gbogbo, o ò rojọ́ ẹnìkan.
A ò jí ọmọ rẹ gbé, a wá tọrọ rẹ̀ ni.
Di ẹrù fún un kó tó lọ."

"Kò tíì dùn ún dénú," ni Tíṣà wí. "Ẹ tún un kì jàre."

Ó kì í lẹ́ẹ̀mẹta. Iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lára fíláàṣì dákẹ́. Olútóyìn tún bẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ní ẹ lè yọ ọ́ báyìí.

"Màmá, àsìkò ló kàn ń fẹ́. Ó ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà yẹn ni."

"Ìwọ pè é ní àsìkò. Àna mi, ẹ ṣeun."

Ní Command, lèmọ́mù ti ń wo aago. Ohùn ìyá jáde, ó ki ìdílé láti ìpilẹ̀, kò fo ẹyọ kan. Sìkírátù sunkún. Qonitah sùn. Bó ti parí, Yahya baba ọmọ nawọ́ kó fa fíláàṣì yọ.

"Yahya! Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe gbé ìyàwó rẹ?"

Yahya wo lèmọ́mù.

"Ṣe ohun tí màmá rẹ wí," ni lèmọ́mù wí, "ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ ni tọkùnrin."

Yahya sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbohùngbohùn.