Ohun Tí Sọ̀fíyù Fi Kún Kọmíníkè

Ẹnu Sọ̀fíyù dùn, a ò ní torí ohun tó ṣe purọ́ mọ́ ọn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ka kọmíníkè, ìyẹn ìkéde aráàlú, lédè Nàgó láàárọ̀ ní rédíò kékeré kan ní Ìfọ̀nyìn: ẹni tó kú, ẹni tó fẹ́ sọmọ lórúkọ, ewúrẹ́ tó sọnù, ọjọ́ tí wọ́n máa gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́. Tó bá kà á tán, á fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn ń dúró dè. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Ẹni táyé bá sì ń bá rẹ́rìn-ín kì í tètè mọ̀ pé òun ti ṣìwà hù.

Lọ́jọ́ kan, Ràmọ́nù, àgbẹ̀ kan ní Bánígbé, mú kọmíníkè wá pé màlúù wọ oko òun, wọ́n sì jẹ àgbàdo òun tán pátápátá. Sọ̀fíyù kà á. Ó wá fi tirẹ̀ sí i: "Fúlàní! Ìran wọn ò mọ̀ ju oko olóko lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra wàgàṣì lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ́ màlúù tó ń jẹ yín run. Ní tèmi, mi ò jẹ ẹ́ mọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé orin sí i.

Háà! Ẹnu tí kò mẹ́nu, ètè tí kò métè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn ọlọ́kadà ọjà Ìgólò ti sọ ọ́ dorin. Hàsíátù, ìyàwó Jẹ́láàní darandaran, ti ń ta wàgàṣì, wàrà dídì àwọn Fúlàní, lọ́jà yẹn láti ogún ọdún. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi í léèló. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn kan fẹsẹ̀ ti agbọ̀n rẹ̀ ṣubú, gbogbo wàgàṣì náà dà sínú ẹrọ̀fọ̀. Obìnrin náà ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò bú ẹnikẹ́ni.

Ìgbà yẹn ni Màdáàmù Odile, ọ̀gá rédíò, pe ìgbìmọ̀ jọ. Tíṣà Pọ́ọ̀lù ní kí Sọ̀fíyù máa lọ sílé. "Ohun tó bá rò nílé rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn yìí, ti gbogbo ìlú ni, Fúlàní wà nínú ìlú." Ọ̀ṣẹ́nì tó ń ta simẹ́ǹtì yarí: "Ta ni kò ní ẹni tí inú rẹ̀ kò fẹ́? Bẹ́ ẹ bá ní kí gbogbo irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa lọ, ta ló máa ṣẹ́kù tí yóò ka kọmíníkè?"

Wọ́n yíjú sí Jẹ́láàní tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè, wọ́n ní màlúù ta ló wọ oko náà. Ó ní, "Èmi ni mò ń dà wọ́n. Ẹ̀bi mi ni." Wọ́n ní àwọn ò bi í ní ti ẹ̀bi, ta ló ni wọ́n? Bàbá náà wolẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀pọ̀ màlúù tó wà lọ́wọ́ Fúlàní kì í ṣe tiwọn. Àwọn ará ìlú ló ń rà wọ́n tí wọ́n ń fi wọ́n sí ìtọ́jú, kí ẹbí má bàa mọ̀ kí wọ́n sì máa tọrọ. Darandaran gidi kì í sì í dárúkọ olówó ẹran, ì báà jẹ́ níwájú ọba.

Wọ́n fẹnu kò síbì kan: kí Sọ̀fíyù ka ìlà méjì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tọrọ àforíjì, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn délé.

Ó bá ìyá rẹ̀, Sìdíkátù, níwájú oúnjẹ tí kò fọwọ́ kàn.

"Ṣé Jẹ́láàní dárúkọ ẹnikẹ́ni?"

"Rárá, Màámi. Ó kàn ń wolẹ̀ ni."

"Àlùhámúdùlílàhì," ni ìyá wí, ó sì bú sẹ́kún. "Sọ̀fíyù, èmi ni mo ni wọ́n. Mẹ́fà. Látìgbà tí bàbá rẹ ti kú ni wọ́n ti wà lọ́wọ́ Jẹ́láàní. Lára wọn ni mo tà tí mo fi rán ọ níléèwé."

"Ṣé ó mọ̀ pé ọmọ yín ni mí?"

"Kí ló dé tí kò ní mọ̀? Wàrà rẹ̀ lo mu dàgbà. Ka ìlà méjì rẹ, kó o panu mọ́. Àwọn àbúrò bàbá rẹ ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé mo ní màlúù."

Sọ̀fíyù rò ó síwá-sẹ́yìn. Tó bá panu mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bọ́. Tó bá sọ ọ́, àṣírí ìyá rẹ̀ á tú, iṣẹ́ náà sì lè lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè kà á lásán." Nígbà tó yá, ìyá ní: "Ẹni tó bò mí láṣìírí ni wọ́n da ọjà ìyàwó rẹ̀ sí ẹrọ̀fọ̀. Sọ ọ́."

Láàárọ̀, ó ka ìlà méjì náà. Ó wá gbé bébà sílẹ̀.

"Màlúù tó jẹ àgbàdo Ràmọ́nù, ti ìyá mi ni. Bàbá Jẹ́láàní mọ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọn ì bá dá níwájú ìgbìmọ̀ kójú tì mí títí ayé, wọn ò dá a. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan ló ń sọ̀rọ̀. Ká tiẹ̀ ní tiwọn ni, màlúù mẹ́fà ló wọ oko, kì í ṣe ìran kan. Bàbá, Màmá Hàsíátù, ẹ forí jì mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ìgbìmọ̀ tún jókòó. Pọ́ọ̀lù ní òótọ́ tó sọ dára, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé kì í béèrè kó tó sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀ṣẹ́nì gan-an ò jiyàn. Omi lé ròrò lójú Odile bó ṣe ń fún un ní lẹ́tà pé iṣẹ́ ti bọ́. Àwọn kan ní ìyà náà ti pọ̀ jù. Èmi ò lè dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Sọ̀fíyù fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó sì tinú wá.

Sìdíkátù fúnra rẹ̀ lọ Bánígbé lọ bẹ Ràmọ́nù. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló kù tó ń bà á: kí Jẹ́láàní má lọ kó àwọn ẹran náà wá bá a nílé, kó ní òun ò dà wọ́n mọ́. Sọ̀fíyù náà ò lè sùn dáadáa nítorí ẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, ó lọ sí Ìgólò. Wàgàṣì Hàsíátù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn obìnrin ṣì yí i ká. Sọ̀fíyù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku.

"Dìde, aṣọ rẹ ń dọ̀tí," ni Hàsíátù wí, ó ń gé wàgàṣì lọ. "Ọkọ mi ní kí n rán ẹ sí ìyá rẹ. Abo màlúù rẹ̀ pupa yẹn ti bí lọ́wọ́ wa. Ọmọ náà, abo ni."

Sọ̀fíyù gbórí sókè. Ó ní, "Ẹ ṣé." Ó tún ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ó ń sọ ọ́ ṣáá, omi ń dà lójú rẹ̀, títí gbogbo ọjà fi yíjú wò ó.

"Mo ti gbọ́," ni Hàsíátù wí. "Lọ jíṣẹ́."