Ìṣákọ́lẹ̀ ní Finglas

"Aunty, méjì péré ló wà níbí," Kẹ́misọ́lá wí, ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Yálà owó ilẹ̀ lẹ ń san fún bàbá yẹn, tàbí ẹ̀bùn lẹ fún un. Èwo ni kí n mú?"

"Mi ò san kọ́bọ̀ fún un. Ẹ̀fọ́ ni mo gbé lọ."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé orí ilẹ̀ rẹ̀ ni mo ti ń dáko."

Kẹ́misọ́lá fọwọ́ bo ojú. Akọ̀wé ni ní káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ṣàkóso àdúgbò náà; Dublin ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ a máa tiro, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń fi ṣe ọ̀pá. "Please, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì. Kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ káńsù ni."

Mọ́nsúrátù mí kanlẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ní kó lọ sókè, wọ́n ti ní kó padà wá sísàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá pàdé nídìí tábìlì tí kò ní kó mú ọ̀kan nínú méjì.

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Finglas ni ilẹ̀ náà wà. Bàbá Ládiípọ̀ ló rà á nígbà tí owó ń ṣàn nílùú, tó ní òun máa kọ́lé sí i. Kò kọ́ nǹkan kan. Fóòmù tó ti jẹrà, fíríìjì tó ti kú àti ẹ̀gún ló gba ibẹ̀. Káńsù bu owó orí lé e nítorí pé ó sọ ilẹ̀ di ààtàn láàárín àwọn èèyàn. Bàbá ò san, owó ń gorí owó, títí káńsù fi gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá ní ẹni tó bá lè tọ́jú rẹ̀ ládùúgbò kó wá yá a, ọdọọdún ni àwọn yóò máa tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe.

Mọ́nsúrátù ló yá a. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wo ààtàn yẹn láti ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀. Òun ló kó fóòmù, òun ló gé ẹ̀gún. Omi ò sí níbẹ̀. Bernie, opó ará Ireland tí ògiri rẹ̀ bá ilẹ̀ náà pààlà, ló na rọ́bà omi kọjá sí i láti ilé tirẹ̀. Lónìí, ilé ọ̀rá kan wà níbẹ̀ tí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ń yọ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọn ò gbọ́ rí pé òtútù wà láyé.

Ohun tó kó bá a ni pé ọmọ àgbẹ̀ ni. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni baba rẹ̀ ti dáko ní Ìkirè, kò sì sí ọdún tí kì í gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún ìdílé tó ni ilẹ̀, kó lè hàn pé òun ò gbàgbé wọn. Nígbà tí Mọ́nsúrátù wá gbọ́ pé ọmọ Yorùbá ló ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ó sì wà láàyè ní Dún Laoghaire, ọkàn rẹ̀ ò gbà á láti máa jẹ ẹ̀fọ́ ibẹ̀ láìfojú kàn án. Bó bá ti kórè, á di ẹ̀fọ́ sínú àpò, á wọ ọkọ̀ ojú irin, á lọ kúnlẹ̀. "Bàbá, ìṣákọ́lẹ̀ yín rèé." Bàbá á gbà á, á súre. Ní báyìí, bàbá ti ní kí lọ́yà kọ̀wé sí káńsù: ayálẹ̀ òun ni Mọ́nsúrátù, ilẹ̀ tó ní ayálẹ̀ kì í ṣe ààtàn, kí wọ́n dá a padà fún òun.

"Bí ẹ bá ní owó ilẹ̀ ni," Kẹ́misọ́lá ní, "ẹ ti rú òfin ìwé àṣẹ yín nìyẹn. Wọ́n lè gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ yín. Ẹ ní ẹ̀bùn ni, ọ̀rọ̀ parí. Grand."

"Ẹ̀bùn kọ́. Ẹ̀bùn, bó bá wù mí mo lè má mú un lọ. Èyí, mi ò lè ṣe kí n má mú un lọ."

"So, owó ilẹ̀ ni?"

"Ìwọ ọmọ yìí, mo ní kì í ṣe owó."

Kẹ́misọ́lá wo èrò tó tò sẹ́yìn Mọ́nsúrátù. "Aunty, ẹ lọ rò ó. Ẹ pè mí kí n tó ṣíwọ́."

Kò lọ rò ó. Dún Laoghaire ló gbà lọ.

Bàbá Ládiípọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òkun, ó fi aṣọ bo orúnkún. "Mọ́nsúrá ọmọ mi. O ò mú àpò dání lónìí?"

Mọ́nsúrátù kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ̀fọ́ ọ̀hún ti di ẹjọ́."

"Ta ló pè é lẹ́jọ́? Òtítọ́ ni kí o sọ fún wọn. Ṣé o mú ìṣákọ́lẹ̀ wá àbí o ò mú un wá?"

"Mo mú un wá, sà."

"Ṣé mo fipá mú ọ?"

"Rárá, sà."

"Ó tán nìyẹn."

Inú ń bí Mọ́nsúrátù, ṣùgbọ́n ewú orí bàbá dé e lẹ́nu bí ọmọrí ìkòkò. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Nígbà tí àwọn ọmọ ìta fa ilé ọ̀rá mi ya, mo pè yín. Ẹ ní kí ni kẹ́ ẹ ṣe sí i."

"Kí ni kí n ṣe sí i lóòótọ́? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí?"

"Nílé wa, ẹni tó jẹ ìṣákọ́lẹ̀ ló ń dúró fún ẹni tó gbé e wá. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lé baba mi lóko, ìdílé onílẹ̀ ló máa ń jáde sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bi yín. Bí káńsù bá dá ilẹ̀ padà fún yín, ṣé màá ṣì wà lórí rẹ̀?"

Bàbá kọjú sí òkun. "Ọkùnrin kan fẹ́ rà á. Ilé alájà ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ọmọ mi, mo ti dàgbà. Mo fẹ́ fi owó yẹn padà sílé kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ìwọ ṣì lágbára, wàá rí ilẹ̀ mìíràn."

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́, sà."

"Ṣé wàá sọ òtítọ́ fún wọn?"

"Gbogbo rẹ̀ ni màá sọ, sà," ó ní, ó sì dìde.

Inú ọkọ̀ ojú irin ló ti pe Kẹ́misọ́lá.

"Ẹ̀bùn ni kí n mú, àbí?"

"Ìṣákọ́lẹ̀ ni kí o kọ."

"Aunty, kò sí àyè fún un níbí."

"Wá àyè fún un. Kọ ọ́ pé mo mú un lọ nítorí pé mo ka bàbá sí onílẹ̀. Kọ ọ́ pé onílẹ̀ a máa dúró fún ayálẹ̀, pé mo ké sí i, kò dúró, pé ó sì ti rí ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ náà fún mọ́ mi lórí. Ẹni tó jẹ dídùn ló yẹ kó jẹ kíkan. Kò jẹ kíkan, àdéhùn ti tú. Mi ò mú nǹkan kan lọ bá a mọ́."

Mọ́nsúrátù gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà, tó dúró, tó tún ń tẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀gá mi máa bi mí pé kí nìyí," Kẹ́misọ́lá wí.

"Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì lè gbà á lọ́wọ́ yín o, Aunty. Irọ́ kékeré yẹn ì bá rọrùn."

"Bí mo bá fi irọ́ di ilẹ̀ mú, ojú wo ni màá fi máa gbin nǹkan sí i?"

Nígbà tó délé, ó bọ́ sínú ilé ọ̀rá, ó gé ẹ̀fọ́. Ó di àpò kan fún ilé, ọwọ́ rẹ̀ sì di èkejì kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa gbé e lọ fún mọ́. Ó dúró, ó ń wò ó. Rọ́bà omi kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ níbi tó ti gba orí ògiri wọlé wá.

Ó lọ sídìí ògiri. "Bernie."

Orí funfun yọ lókè. Kò lè pe Mọ́nsúrátù láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, ó sọ ọ́ di Mona. "Mona, ṣé omi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ dáadáa ni?"

"Omi ń dé. Gba èyí." Bó ṣe ń na àpò sókè, orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀.

Bernie yẹ inú àpò wò. "Kí ni mo ṣe tó o fi ń fún mi ní gbogbo èyí?"

Mọ́nsúrátù wá Gẹ̀ẹ́sì ìṣákọ́lẹ̀ tì. "Omi," ó ní.

"Omi lásán?" Bernie rẹ́rìn-ín, ó gbé àpò náà mọ́ àyà, ó padà lọ sídìí ẹ̀rọ omi rẹ̀. Lábẹ́ ẹsẹ̀ Mọ́nsúrátù, rọ́bà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó gbé e, ó sì kọjú sí ebè tí kò tíì gbin nǹkan sí.