Àmì Dúdú Lára Ewé Ata

Ọkàn Christianah ò balẹ̀ látìgbà tó ti rí àmì dúdú lára ewé ata Ìyá Ṣùbòmí, alájọgbélé rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé kan náà ni wọ́n jọ ń lò nílé tí wọ́n háyà ní Sùúrùlérè. Inú àpò ìrẹsì làwọn méjèèjì gbin ata sí, àwọn àpò náà sì fara kanra. Ọkọ Ìyá Ṣùbòmí ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbin ti ìyàwó rẹ̀ kó tó kú. Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni opó náà ń da omi lé ata lórí, tí á máa bá a sọ̀rọ̀ bíi pé ọkọ ló jókòó síbẹ̀.

Omi tó ń ta lórí ewé yìí ló ń gbé àrùn kiri. Christianah mọ̀, àmọ́ báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Á jókòó ti kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣiṣẹ́, á dìde, á yọjú lójú fèrèsé, á tún padà jókòó. Lọ́jọ́ tí àmì náà dé ara ata tirẹ̀, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó yọ́ bọ́ sẹ́yìnkùlé láàárọ̀, ó sì di ìdí èyí tó bàjẹ́ jù nínú ata opó náà mú, ó fẹ́ fà á tu.

“Christianah! Kí lò ń fà yẹn?” Ìyá Ṣùbòmí ké láti ẹnu ilẹ̀kùn.

Christianah fi igi ata náà sílẹ̀. “Mọ́mì, ẹ má bínú. Àrùn ti mú un, ó sì ti ran tèmi.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Ẹ̀rù ló bà mí. Torí pé Dádì ló gbìn ín.”

Ìyá Ṣùbòmí wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Christianah padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, á sáré yọjú. Ọjọ́ ti rọ̀ kí opó náà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, àlùmọ́gàjí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Fi àwọn tó ní àrùn hàn mí.”

Wọ́n gé gbogbo ewé tó lámì, wọ́n ń fi bílíìsì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun nu àlùmọ́gàjí kí wọ́n tó kan igi mìíràn. Wọ́n hú àwọn tó ti bàjẹ́ tán, wọ́n dì wọ́n sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n kó wọn dànù. Wọ́n sún àwọn àpò jìnnà síra kí atẹ́gùn lè ráyè. Láti ọjọ́ náà, ìdí ata nìkan ni wọ́n ń bomi sí.

Ọ̀kan wà tí Ìyá Ṣùbòmí ò jẹ́ kí wọ́n hú. “Èyí ló kọ́kọ́ so,” ló wí, ó sì gbé e lọ síwájú ilé. Igi náà kú síbẹ̀. Opó náà sunkún nídìí rẹ̀, Christianah dúró tì í.

Nígbà tó yá, Christianah gbé ọ̀gbìn ata kékeré kan wá. “Mọ́mì, ẹ gba èyí. Ewé rẹ̀ mọ́.”

Ìyá Ṣùbòmí yí ewé náà wò lójú àti lẹ́yìn.

“Níbo loòrùn ti ń tètè dé, ká gbé e síbẹ̀?” ló béèrè.